Ọjọ́ tí Olóyè Ọládépò Wẹ Lọ́rì Eléèédú

Mùílì Àkànjí ni wọ́n ṣẹ̀, káfíńtà tó ń kan ara lọ́rì ní Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù kejì ọdún 1957 ni wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n tì í mọ́lé ní Ọ̀yọ́ nítorí omi tí kò dà, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹun pa, pẹ̀lú ayùn wọn, ìfági wọn, òòlù wọn àti àgbá irin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn jó pọ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, nítorí láti ibí lọ, ọkùnrin mìíràn ni yóò máa gba gbogbo ààyè nínú ìtàn yìí, bó ṣe máa ń gba gbogbo ààyè níbikíbi tó bá jókòó sí.

Ọkùnrin náà ni Olóyè Ọládépò, Alága Àjọ Ọkọ̀ Akẹ́rù. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́, ṣọ́ọ̀bù Àjọ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkàn rẹ̀ sì wà nínú jígí. Ó ga níwọ̀nba, ó sanra níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ní ìwọ̀n. Bó bá fẹ́ kí wọ́n fún òun lómi mu, á kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi tí òjò ti ń wá.

Ó ní akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ọlọ́runnísọ̀lá. Ọlọ́runnísọ̀lá ti kíyè sí i pé nígbàkúùgbà tí Alága bá rò pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á máa nù ún. Nítorí náà, bí awò bá ti kúrò lójú báyìí, Ọlọ́runnísọ̀lá á pàtẹ́wọ́, gbogbo ọ́fíìsì á sì tẹ̀ lé e, títí kan mẹ́sẹ́ńjà àgbàlagbà tó ń po tíì ní ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan tí eruku ọyẹ́ pọ̀, Alága nu awò náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àtẹ́wọ́ kò dá. Àwọn tó ń kọjá lóde rò pé ẹnì kan ti bí ìbejì nínú ọ́fíìsì.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí ọkọ̀. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó fi í síbẹ̀. Àwọn tó fi í síbẹ̀ náà ní awò lójú.

Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù sì ti ń kú lọ. Nígbà kan, lọ́rì tó bá dé láti òkè òkun, ẹ́ńjìnnì àti táyà nìkan ló ń ní. Àwọn Mùílì ló ń fi pákó kan ara fún un, wọ́n á ṣe bẹ́ǹṣì sí i, wọ́n á kùn ún, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú, á wá di bólèkájà. Ṣùgbọ́n òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ́rì onírin wá, èyí tó ti ní ara láti ilé. Bí wọ́n ṣe ń bá ìyẹn jìjàdù lọ́wọ́ ni ìjà dé sí ìhà Íjíbítì, ọ̀nà omi tí epo ń gbà kọjá dí, bẹntiróòlù wá wọ́n. Lọ́rì Àjọ tò sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, adìẹ ń yé sínú wọn.

Mùílì kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́ o. Ẹlẹ́nu ni. Ó máa ń sọ pé òun ló kan ara fún ìdajì lọ́rì tó ń rìn láàárín Ìlọrin àti Ìbàdàn, pé ìdajì yòókù ló ń wó lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, Mátíù, dírẹ́bà Àjọ, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó jagun ní Bọ́mà. Mátíù sọ fún un pé òun ti rí lọ́rì tó ń fi èédú rìn lọ́hùn-ún, pé àgbá irin kan ni wọ́n so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mùílì ní irọ́ ni. Mátíù yà á sí ilẹ̀. Mùílì wò ó títí, ó ní òun náà ti ń ro irú rẹ̀ tipẹ́.

Àgbá tí wọ́n ṣe kò lẹ́wà. Ó dà bí ìkòkò aláró tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Marufat, ìyàwó Mùílì, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń kó èèpo ẹkùrọ́ tí àwọn ènìyàn ń dà sẹ́yìn ilé jọ, tí wọ́n ń sun ún di èédú. Wọ́n á kó èédú náà sínú àgbá, wọ́n á fi iná sí ìdí rẹ̀, wọ́n á dé e pa. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá ti ara èédú jáde ni ẹ́ńjìnnì ń fà mu dípò bẹntiróòlù. Agolo bẹntiróòlù kékeré kan péré ló ń lò, láti fi jí ẹ́ńjìnnì kí àgbá tó gbóná. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, ó lọ sí Ìkòyí-Ilé, ó kó iṣu, ó padà sí Ọjà Igbó. Kò yára. Ewúrẹ́ kan tilẹ̀ sáré kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lọ, ó sì bọ̀, nígbà tí lọ́rì àwọn ọlọ́lá dúró gbagidi.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ sí Alága. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀: kí ṣọ́ọ̀bù má kú. Kí Àjọ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe àgbá fún gbogbo lọ́rì tó tò sílẹ̀. Èyí tí kò bá lè rìn mọ́ nínú wọn, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa fi èédú lọ àgbàdo, kó máa tan iná sí ilé ìgbẹ̀bí.

Alága dé. Ó rìn yí lọ́rì náà ká, ó fi ọ̀pá kan àgbá, ó gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wí, "ní àkókò kan tí oorun kọ̀ láti wá bá mi nítorí ìyà tó ń jẹ yín, mo dìde, mo gbé ojú mi sókè, mo wo òfuurufú, mo sì rí èédú."

"Ní òfuurufú, Bàbá?" Mùílì béèrè.

"Nínú ẹ̀mí," Alága dáhùn. "Mo sì wí nínú ọkàn mi pé ìran mi ti dé. Àwọn kan fi odò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn, àwọn kan fi òkè sílẹ̀. Èmi Ọládépò, èédú ni mo fi sílẹ̀ fún yín."

Ó bọ́ awò ojú. Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Marufat, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú tí Alága fi sílẹ̀ fún un, wo ọkọ rẹ̀.

"Ṣé òun náà wà níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣa èèpo ẹkùrọ́?"

"Dákẹ́," Mùílì wí. "Jẹ́ kó gbà á. Ṣọ́ọ̀bù ni ká gbà."

Báyìí ni Alága gba iṣẹ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ó ní kí wọ́n kun lọ́rì eléèédú ní funfun, nítorí pé nǹkan mímọ́ ni. Ó ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ tí Mùílì kọ sí iwájú rẹ̀ rẹ́, ÈÈPO KÒ ṢÒFÒ, kí wọ́n kọ orúkọ òun àti gbogbo oyè òun sí i. Oyè náà bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó yí ẹ̀yìn po, ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì, ààyè sì tán. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, "Ọlọ́lá Jùlọ," orí irin tó bo táyà ni wọ́n kọ ọ́ sí, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń ta.

Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà ìjọba kan ní Ìbàdàn pé kó wá jókòó sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀yọ́, kó wá wo ohun tí ojú kò rí rí. Ó ní òun yóò gun lọ́rì eléèédú láti Ògbómọ̀ṣọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ òun kò sì ní kan ilẹ̀ títí òun yóò fi bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa níwájú ọ̀gá náà. Ó ní kí wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n gbé e jáde.

Ó wá ku ká wẹ ọkọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tuntun, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá bá a wẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ta ọtí díẹ̀ sí táyà, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á mu ìyókù, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ìtàn yìí ì bá ti parí síbí, Mùílì ì bá sì wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ títí di òní.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ṣọ́ọ̀bù kún. Ìgò bíà wà níbẹ̀, míńírà wà níbẹ̀. Ààfáà kan gbé omi hàǹtú wá nínú ìgò. Wòlíì kan láti ìjọ Mátíù gbé omi ìyè wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Mùílì nawọ́ sí táyà iwájú.

"Ibí la máa ń ta á sí, Bàbá."

Alága wò ó bí ẹni wo eṣinṣin inú tíì.

"Táyà? Gbogbo lọ́rì ayé ló ní táyà. Kí ló mú kí tèmi yàtọ̀?"

"Àgbá yìí ni, Bàbá."

"Àgbá náà la óò wẹ̀, nígbà náà. Ṣí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mo ti kó èédú ọ̀la sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni iná máa wà. Èédú tó bá mu omi kò ní jó."

"Omi lásán ni kì í bá iná rẹ́," Alága wí. "Ohun tí mo fẹ́ dà sí i, ìbùkún ni."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ọlọ́runnísọ̀lá pàtẹ́wọ́ títí ó fi ń húkọ́.

Mùílì ṣí ìdérí. Mashood onífọ́tò gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ inú aṣọ dúdú rẹ̀.

"Ẹ gbé ìgò sókè díẹ̀, Bàbá. Ẹ yí ojú síbí. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe."

Ìyẹn ṣòro díẹ̀, ṣùgbọ́n Alága gbìyànjú. Ó da ìgò bíà náà sínú àgbá títí ó fi ṣófo. Mashood yà á. Alága ní kó sọ fọ́tò náà di ńlá tó ìlẹ̀kùn, kó fi férémù olómi wúrà sí i.

Ààfáà fẹ́ rọra ta omi hàǹtú tirẹ̀ sí táyà, kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ó rí i pé wòlíì ti dúró ti àgbá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Wòlíì náà fẹ́ wọ́n tirẹ̀ sí bónẹ́ẹ̀tì ni o, ó kàn ń wo ohun tí ààfáà máa ṣe. Kò sí èyí tó fẹ́ kí àdúrà tirẹ̀ wà níta kí ti ẹnì kejì wà nínú ilé. Ààfáà da gbogbo ìgò. Wòlíì da gbogbo kẹ́ẹ̀gì. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ Àjọ wá, olúkúlùkù pẹ̀lú ìgò tirẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí Alága rántí pé òun kò dà. Ọlọ́runnísọ̀lá da bíà, ó da míńírà, nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn mọ́, ó da tíì rẹ̀.

Mùílì tẹ́tí sí àgbá náà. Ó ń dún bí ikùn ẹni tó jẹ àjẹjù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí Bàbá jẹ́ kí òun kó èédú náà dànù, kí òun kó èyí tó gbẹ sí i, kò ní pẹ́.

"Kí o kó ìbùkún mi dànù?" Alága béèrè. "Níwájú ta ni?"

Ó fi ẹsẹ̀ lé àpótí, ó gun ọkọ̀. Wọ́n ti so àga onítìmùtìmù kan mọ́ àárín lọ́rì fún un. Agbádá rẹ̀ funfun gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀. Ọlọ́runnísọ̀lá àti àwọn ọmọ Àjọ jókòó yí i ká, Mùílì dúró ti àgbá, Mátíù wà nídìí ọkọ̀. Mùílì sọ̀rọ̀ sí Mátíù létí.

"Bẹntiróòlù inú agolo yẹn náà ló ń gbé wa lọ o. Ibi tó bá gbé wa dé la dé."

Wọ́n jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ariwo àti ìhó ayọ̀. Bẹntiróòlù inú agolo gbé wọn kọjá ìta ìlú, ó gbé wọn wọ inú oko, kò sì jìnnà sí Odò Ọbà tó fi tán. Ẹ́ńjìnnì yíjú sí àgbá, ó béèrè afẹ́fẹ́ gbígbóná. Àgbá fún un ní ooru bíà. Ọkọ̀ húkọ́, ó mì tìtì, ó dákẹ́.

"Kí ló dé tí a dúró?" Alága béèrè.

"Ọkọ̀ ló dúró, sà," Mátíù wí. "Àwa jókòó ni."

"Alága," Ọlọ́runnísọ̀lá wí, "ó jọ pé ó ń bọ̀wọ̀ fún odò."

Inú Alága dùn sí ìyẹn. Ó gbà kí ọkọ̀ bọ̀wọ̀. Oòrùn gòkè. Ọkọ̀ ń bọ̀wọ̀ lọ.

"Ó ti bọ̀wọ̀ tó," Alága wí níkẹyìn.

Àwọn ará abúlé jáde wá. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí Bàbá sọ̀ kalẹ̀ wá sábẹ́ igi. Bàbá kò lè sọ̀, ìwé ìròyìn ti gbé e jáde. Ó sọ ọ̀rọ̀ fún wọn láti orí àga nípa bí ọjọ́ iwájú yóò ṣe yára tó. Nígbà tó pẹ́, ara bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ara ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mu míńírà láàárọ̀. Ọlọ́runnísọ̀lá na agbádá tirẹ̀ bí ẹni ta aṣọ sí ojú fèrèsé, agolo bẹntiróòlù tó ti ṣófo ni wọ́n sì lò. Mo lè fo èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí gbogbo ìrìn òun jáde nínú ìwé, ẹ jẹ́ kó jáde.

Nígbà náà ni bólèkájà kan yọ láti ẹ̀yìn. Sàídù, ará Sábó, ló ni ín, òun náà ló ń wà á. Ó ti rí epo díẹ̀ rà níbì kan tí kò sọ. Àlùbọ́sà kún inú ọkọ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ sì jókòó lórí àlùbọ́sà. Ó dúró.

"Ẹ kú ìdúró o, Bàbá. Ṣé èédú ló tán?"

"Kò sí ohun tó tán," Alága wí. "Ètò ni."

"Á à. Nígbà náà ẹ jẹ́ kí n máa lọ, kí n má ba ètò jẹ́."

"Dúró. Ṣé o ní okùn?"

Sàídù ní okùn. Alága ní kò gbọ́dọ̀ hàn pé okùn ni. Ọlọ́runnísọ̀lá bọ́ láwàní orí ẹnì kan, wọ́n fi aṣọ funfun náà wé okùn látòkèdélẹ̀, wọ́n sì pinnu pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí wọ́n ní ọkọ̀ àlùbọ́sà ni aṣáájú tó ń ṣí ọ̀nà fún Alága. Wọ́n gbéra. Àwọn obìnrin orí àlùbọ́sà yíjú sẹ́yìn.

"Ìyàwó ta ni wọ́n ń mú bọ̀ yìí, tó funfun báyìí?"

"Ìyàwó àgbà ni. Wò ó bó ṣe jókòó."

"Ṣé òun náà ń sunkún kúrò nílé ni?"

"Ó ń rò ó lọ́wọ́."

Ní òkè tó ṣáájú pápá náà ní Ọ̀yọ́, Alága ní kí wọ́n tú okùn. Sàídù bá tirẹ̀ lọ. Mátíù tú bíréèkì, lọ́rì funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀ láti orí òkè fúnra rẹ̀, láìsí ariwo, láìsí èéfín, bí ẹyẹ lékeléke. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ó rẹwà. Pápá hó. Ọ̀gá àgbà láti Ìbàdàn, tó ti jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀, dìde dúró. Alága ń ju ọwọ́ sọ́tùn-ún, ó ń ju ọwọ́ sósì. Ilẹ̀ wá tẹ́jú. Lọ́rì náà rọra ń dẹ̀, ó ń dẹ̀, ó sì dúró. Kápẹ́ẹ̀tì pupa wà lọ́hùn-ún, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé e.

Alága wo kápẹ́ẹ̀tì. Ó wo ilẹ̀.

"Ọlọ́runnísọ̀lá, sọ fún wọn kí wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì súnmọ́ mi."

"Alága, àga àwọn àlejò wà lórí rẹ̀."

"Kí wọ́n dìde díẹ̀."

Báyìí ni àwọn àlejò láti Ìbàdàn dìde, tí olúkúlùkù gbé àga rẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n fa kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn lọ sí ìdí lọ́rì. Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn tẹ̀ lé kápẹ́ẹ̀tì náà, ó dúró lórí rẹ̀.

"Olóyè," ló wí, "kí ẹ tó sọ̀, ẹ jẹ́ kí n rí iná náà. Nítorí iná ni mo ṣe wá."

"Mùílì," Alága pàṣẹ, "ṣí ìdí àgbá, kí ọ̀gá rí iná."

"Bàbá, ẹ má jẹ́ ká ṣí i níbí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní ṣí i."

Alága tẹ̀ síwájú láti etí ọkọ̀, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ibi tí iná yóò ti hàn. Mùílì ṣí i. Omi dúdú ya jáde bí ìgbà tí ọ̀gbàrá bá já, bíà àti míńírà àti tíì àti àdúrà ẹ̀sìn méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ti sè pọ̀ mọ́ èédú di ọbẹ̀. Ó bo agbádá Alága láti ọrùn. Ó bo kápẹ́ẹ̀tì. Ó wọ inú bàtà ọ̀gá àgbà. Alága fẹ́ fò sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ létí ọkọ̀, ó sì balẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, nínú ẹrẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ pò. Òórùn bíà gba pápá. Ààfáà, tó ti bá ọkọ̀ mìíràn ṣáájú wọn dé, fi aṣọ bo imú, ó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé tòun kọ́ nìyẹn.

"Ṣé omi ni ọkọ̀ yín ń jẹ?" ọ̀gá àgbà béèrè.

Alága dìde. Ó nawọ́ sí Mùílì.

"Káfíńtà yìí ló da omi sí i. Ọ̀tá ìlọsíwájú ni. Ẹ mú un."

Ọlọ́pàá mú un. Ní ọjọ́ kejì, Ọlọ́runnísọ̀lá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó lé àwọn òṣìṣẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òfo, ó fi àgádágodo ńlá tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni Alága so mọ́ ẹ̀wọ̀n aago àyà rẹ̀, tí ó sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé òun ti gba Àjọ là.

Marufat ń gbé oúnjẹ lọ sí Ọ̀yọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ó lọ ṣáájú ààwẹ̀, ó lọ nínú ààwẹ̀, ó lọ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá, á lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àjọ pẹ̀lú àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ yòókù, á ní kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó wádìí rẹ̀ nítorí wọn o. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ọ̀gá àgbà láti Ìbàdàn ló fẹ́ mọ ẹni tó ba bàtà òun jẹ́. Nítorí bàtà yẹn ni ìgbìmọ̀ ìwádìí fi jókòó ní oṣù karùn-ún.

Gbọ̀ngàn Àjọ ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n jókòó sí. Alága ní ẹ̀tọ́ òun ni láti jókòó sí àga òun nígbà tí òun bá ń sọ tẹnu òun, wọ́n sì gbà fún un. Wọ́n mú Mùílì wọlé, ó ti rù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rù.

"Ta ló da omi sínú àgbá?" aṣáájú ìgbìmọ̀ béèrè.

"Káfíńtà yìí ni," Alága wí. "Ojú mi kò rí i, ọkàn mi ló rí i. Èmi, tí mo bí èédú, tí mo tọ́ èédú, ṣé èmi ni mo lè da ohunkóhun sí i lórí? Kí ọwọ́ mi rọ bí mo bá dà á. Ọwọ́ yìí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọwọ́ yìí kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

Ìgbìmọ̀ kò wo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń wo òkè orí rẹ̀. Nítorí pé lẹ́yìn àga náà, láti àjà dé ìdajì ògiri, nínú férémù olómi wúrà, Olóyè Ọládépò mìíràn dúró, ó gbé ìgò bíà sókè, ó ń dà á sínú àgbá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Mashood ti gbé e wá ní kété tó parí. Alága fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ kí wọ́n fi í síbẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé kọ́kọ́ rí i. Àmọ́ ẹni tó ń jókòó sí àga yẹn nìkan ni kò lè rí i.

"Olóyè," aṣáájú wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Alága yíjú. Ó pẹ́ kí ó tó yíjú padà.

Ọlọ́runnísọ̀lá sáré lọ gbé fọ́tò náà kúrò. Kò lè gbé e. Alága ti ní kí wọ́n fi ìṣó ńlá tí wọ́n fi ń kan afárá kàn án, kó lè pẹ́ títí ayérayé. Nígbà tí Ọlọ́runnísọ̀lá rí i pé kò ṣeé gbé, ó fi í sílẹ̀, ó na ìka sí i.

"Ẹ̀yin àgbààgbà," ló wí, "láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ti ń dà mí láàmú nípa fọ́tò yìí."

Mùílì rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín síta.

"Tíì tìrẹ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n akọ̀wé?" ló béèrè. "Ṣé kò dà ọ́ láàmú?"

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ọlọ́runnísọ̀lá kò gbé ọwọ́. Mẹ́sẹ́ńjà àgbàlagbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí àṣà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Báyìí ni wọ́n yọ ọ́. Wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀wọ̀n aago, wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi í sínú àpótí tábìlì Alága. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan dúró létí títì ní Ọjà Igbó, ó ń dá bólèkájà dúró. Sàídù dúró fún un.

"Ẹ bá ẹ̀yìn wọlé, Bàbá. Iwájú ti kún."

Ó jókòó lórí àlùbọ́sà títí dé Ọ̀yọ́. Nígbà tó sọ̀, ilẹ̀ lásán ni ó bọ́ sí, kò sì sí ẹni tó wò ó.

Ẹ ó rò pé ibí ló parí sí. Ẹ̀rín ti dé, onígbèéraga ti ṣubú, ká máa lọ sílé. Wọ́n tú Mùílì sílẹ̀, kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó dé Ọjà Igbó, ó bá àgádágodo lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Láti ojú ihò ìlẹ̀kùn, ó ń wo àgbá rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń wo ayùn rẹ̀ tí ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò. Èèpo ẹkùrọ́ tí Marufat kó jọ ń jẹrà nínú òjò.

Wọ́n lọ sí Ọ̀yọ́, òun àti Marufat àti Mátíù àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Wọ́n bá Alága tuntun lórí àga. Ọlọ́runnísọ̀lá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí ògiri, fọ́tò àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ nítorí ìṣó, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi aṣọ bò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," Marufat wí. "Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù la bá wá. Ó wà nínú àpótí tábìlì yín."

Alága tuntun sún sẹ́yìn nínú àga.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wí, "ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìran kan nípa rẹ̀."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ọlọ́runnísọ̀lá pàtẹ́wọ́. Gbogbo ọ́fíìsì tẹ̀ lé e, mẹ́sẹ́ńjà náà tẹ̀ lé e. Marufat dúró títí àtẹ́wọ́ fi tán.

"Ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́," ló wí.